Ta Ló Sọ Pé Ẹṣin Púpọ̀ Ló Ń Gba Ife?

Inú ń bí mi, n ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ọkùnrin tó gbọ́n, tó mọ ọjà á ná títí ojú ẹni tó ń tajà yóò fi pọ́n, tí kò ní ra bàtà láìkọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò, òun náà ló máa dé ìdí mọ́tò ìdíje tí ìbéèrè kan ṣoṣo á jáde lẹ́nu rẹ̀: “Ẹṣin mélòó ló ní?” Tí wọ́n bá ti dá a lóhùn pé agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti ẹṣin 400, ó parí. Ojú rẹ̀ á máa dán bí ojú ọmọdé tó rí àkàrà gbígbóná. Kò ní béèrè bí mọ́tò náà ṣe wúwo tó. Kò ní béèrè iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì náà ti ṣiṣẹ́. Kò tilẹ̀ ní béèrè ohun tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀: ẹṣin mélòó ni òfin ìdíje tí mo fẹ́ wọ̀ gbà mí láàyè láti lò?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé kí ló kan wá nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò ìdíje, nígbà tí ọkọ̀ tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́ kò tíì rí epo rà. Ó kàn yín díẹ̀. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní Ìlú Ọba, owó àjọ tó kó lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Yorùbá níbẹ̀ ló fi ra irú mọ́tò yìí ní àlòkù. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì gbà yọ sí i, màá sọ ọ́ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú mọ́tò tí mò ń wí. Kì í ṣe mọ́tò tí ẹnìkan yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sọnù, tó gé sìlẹ́ńsà rẹ̀, tó wá ń fi ariwo lé oorun lójú gbogbo àdúgbò. Èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kàn fún ìdíje ni. Irin tí kì í jẹ́ kí òrùlé wó lé awakọ̀ lórí ti wà nínú rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ sì ń di ènìyàn mọ́ ìjókòó bí ẹrù orí ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí Porsche gbé 718 Cayman GT4 Clubsport jáde ní 2019, ẹṣin 425 ló ní, kìlógíráàmù 1,320 ló wọ̀n, owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti Yúrò 134,000 láìka owó orí. (Okùn ewéko bí ọ̀gbọ̀ àti hemp ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Hemp yìí, ìbátan igbó tí ọlọ́pàá ń lé kiri ni. Ayé ti yí padà!) Ọdún tó tẹ̀ lé e ni BMW gbé M2 CS Racing tirẹ̀ jáde ní Yúrò 95,000 láìka owó orí, wọn ò sì dárúkọ iye ẹṣin kan pàtó fún un. Wọ́n ní láti 280 dé 365 ni, ó kù sọ́wọ́ ohun tí òfin ìdíje tó o bá wọ̀ bá fẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fúnra wọn ló ní kó o má lo gbogbo rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi gbèdéke lé agbára? Àwọn kan ní ìlara ni. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń ṣòfin pé kí wọ́n so ẹsẹ̀ ẹni tó lè sáré. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó kàwé jù mí lọ, nítorí sẹ́kọ́ńdírì ni èmi kàwé mọ, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ẹ bi àwọn tó rí ọdún 1986 léèrè. Lọ́dún náà, àwọn mọ́tò ráálì tí wọ́n ń pè ní Group B ti lágbára débi pé awakọ̀ ò mọ ohun tí òun ń wà mọ́. Ní Pọtogí, ọ̀kan nínú wọn wọ àárín èrò, ènìyàn 3 kú. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ní erékùṣù Kọ́síkà, mọ́tò Henri Toivonen já sí kòtò, ó gbiná, òun àti Sergio Cresto tó jókòó tì í jóná sínú rẹ̀. Wọ́n fòpin sí Group B lẹ́yìn ọdún náà. Ẹni tó bá ní ìlara ló bí òfin agbára, kó lọ sọ ọ́ níwájú ìdílé àwọn tó kú.

Ìdí kejì ni owó, òun ló sì kan àwa mẹ̀kúnnù. Níbi tí kò bá ti sí gbèdéke, ẹni tó lè ra ẹ́ńjìnnì tuntun lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ni yóò máa gba ife, ọmọkùnrin tó fi owó àjọ ra àlòkù yóò kàn máa jẹ eruku ni. Gbèdéke yìí ló jẹ́ kí àbúrò mi lè dúró lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ọmọ olówó. Tẹ́ ẹ bá ní ìyẹn ni ìrẹ́jẹ, ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ̀ ń pè ní òdodo.

Ó dára, ọ̀rọ̀ àbúrò mi. Òfin ìdíje tó wọ̀ rọrùn: kìlógíráàmù 5 fún ẹṣin 1, pẹ̀lú awakọ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n gbé mọ́tò rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n rí 1,350. Ẹ pín in sí 5: ẹṣin 270 ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí mọ́tò náà ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, 265 ló ń gbé jáde lórí dáínò, ìyẹn ẹ̀rọ tí mọ́tò ń sáré lójú kan lórí rẹ̀, tí wọ́n fi ń wọn agbára. Ẹṣin 5 péré ló ṣẹ́ kù fún un. Ènìyàn tó gbọ́n á dúpẹ́, á lọ ra táyà.

Kò dúpẹ́. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ló tàn án. N ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn náà mọ ara wọn. Wọ́n ní tí àwọn bá fi kọ̀ǹpútà wọ inú ọpọlọ ẹ́ńjìnnì yẹn, àwọn á kọ nǹkan tuntun sí i, yóò máa yọ ẹṣin 290. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀, pé òṣùwọ̀n nìkan ni àwọn alábòójútó ìdíje ń gbé mọ́tò lé. Ó san 1,800 pọ́n-ùn. Ó bọ́ sórí pápá, ó ṣe ipò kẹta, ó fi fọ́tò ife ránṣẹ́ sí mi, èmi náà sì fi han gbogbo ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ló tún pè. “Bùrọ̀dá, wọ́n ti gbé e lé dáínò.” Mo ní, “Kí ló wọ̀n?” Ó dákẹ́. Ó ní, “288.” Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́! Wọ́n gba ife, wọ́n fa orúkọ rẹ̀ yọ, wọ́n sì kó gbogbo àmì tó ti ń kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dànù. Ó ṣì ń san àjọ. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ nípa 1,800 pọ́n-ùn yẹn títí di ọjọ́ náà, ẹ fi ìyókù ro ó.

Ẹ máa rò pé mo fẹ́ gbèjà rẹ̀ nítorí pé a jọ mu ọmú kan náà. Rárá. Ẹni tó ṣe ipò kẹrin lọ́jọ́ yẹn, ta ló máa dá ayọ̀ rẹ̀ padà fún un? Ó ti lọ sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo kí wọ́n tó pè é padà lórí fóònù. Olè ni. Mo sọ fún àbúrò mi bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ fún ẹ̀yin tó ń pè é ní ọgbọ́n: olè ni.

Kò sì tíì sí ẹni tó jí i lọ́nà tó dára tó ti Toyota ní 1995. Àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀bù kékeré, ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Nínú ìdíje ráálì àgbáyé, òfin sọ pé gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń wọ tọ́bò gbọ́dọ̀ gba inú òrùka tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 34 lọ. Afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ ẹ́ńjìnnì: tó bá jẹun díẹ̀, á ṣiṣẹ́ díẹ̀. Kí ni àwọn ẹni wa ṣe? Wọ́n ṣe òrùka náà bó ṣe yẹ, ẹ wọ̀n ọ́n títí, 34 ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n wọ́n fi sípíríìnì sí i lábẹ́. Tí wọ́n bá ti so rọ́bà afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, òrùka á sún kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé bí ewúrẹ́ tó gba ẹ̀yìnkùlé. Tí àwọn alábòójútó bá tú rọ́bà náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, sípíríìnì á fà á padà, kò sí àlàfo, kò sí ẹ̀rí. Max Mosley tó jẹ́ ààrẹ FIA nígbà náà gbà pé iṣẹ́ ọgbọ́n tí òun ò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ó yìn ín tán, wọ́n gba gbogbo àmì ọdún náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lé wọn kúrò nínú ìdíje fún oṣù 12. Juha Kankkunen tó ń du ipò àkọ́kọ́ ní àgbáyé lọ́dún náà bá a lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí bó ṣe yẹ kí ènìyàn yan mọ́tò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn onípariwo ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé nígbà tí òfin bá ti sọ pé kìlógíráàmù 5 fún ẹṣin 1, gbogbo mọ́tò ti di ọgba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní mọ́tò kan wọ̀n 1,000, ó ní ẹṣin 200. Èkejì wọ̀n 1,500, ó ní 300. Ìṣirò kan náà ni, àbí? Ẹ gbé àwọn méjèèjì sójú ọ̀nà títọ́, kí wọ́n máa sá 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjú sí wọn kò mọ èyí tó wúwo, fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ iwájú wọn nìkan àti bí ara wọn ṣe gún ló mọ̀. Tó bá gba ẹṣin 100 lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ti kékeré á ku 100, ti ńlá á ku 200. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan tó kù fún kékeré ń ti kìlógíráàmù 10. Ti ńlá ń ti 7 àti ààbọ̀. Ńlá á fi í sílẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà títọ́ máa ń tán. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ búréèkì, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ohun tí kékeré fẹ́ dá dúró ni ńlá fẹ́ dá dúró, gbogbo ìgbà tí kọ́nà bá ti dé. Iná á mú búréèkì, táyà á yọ́, nígbà tó bá fi di ìparí eré, ńlá á máa yọ̀ kiri bí ẹni tó tẹ ilá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sí pápá kékeré ti Brands Hatch, tí kò tó kìlómítà 2 yípo, tó jẹ́ pé kọ́nà lórí kọ́nà ni, kí ló fẹ́ fi mọ́tò wúwo ṣe? Ẹni tó bá ń lọ sí Silverstone, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 6 tí ọ̀nà títọ́ rẹ̀ gùn, òun ló lè rò ó wò lẹ́ẹ̀kejì. Iye ẹṣin kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. “Níbo ni mo ti fẹ́ sáré?” ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ta ẹṣin kì í sọ fún yín. Tí òfin bá wo góńgó agbára nìkan, ẹ́ńjìnnì tó lè ju gbèdéke lọ dáadáa, tí wọ́n wá rẹ̀ sílẹ̀, dára ju èyí tó ń làágùn kó tó dé ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń pariwo kó tó yọ 270 máa ń yọ ọ́ níbi kan ṣoṣo, tó bá ń yí lẹ́ẹ̀mejì-lé-láàádọ́rin ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ yí gíà báyìí, ó já wálẹ̀, ó ku 225. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó lè yọ 360, tí kọ̀ǹpútà wá sọ fún un pé 270 ni kó mọ, á dé 270 náà kíákíá, á sì dúró síbẹ̀ láìmì. Tí ẹ bá ya agbára rẹ̀ sórí ìwé, á tẹ́ bíi tábìlì. Àwọn méjèèjì ní 270 lórí ìwé ẹ̀rí. Lójú pápá, ìkan ń fi ìkan ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn NASA ti Amẹ́ríkà ti rí ọgbọ́n yìí (kì í ṣe àwọn tó ń lọ sí òṣùpá o, ẹgbẹ́ onímọ́tò ìdíje ni, National Auto Sport Association ni wọ́n ń jẹ́). Nínú kíláàsì Super Touring wọn, ìpíndọ́gba agbára ni wọ́n ń ṣírò, kì í ṣe góńgó nìkan. Mo kí wọn. Òfin tó mọ ibi tí ọmọ ènìyàn máa gbà yọ́ kẹ́lẹ́ ló yẹ ká máa pè lófin.

Ẹ wá rí i pé mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ ti rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ọjà tó dára jù. BMW M4 GT4 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2018, nǹkan kékeré kan ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lára, ilé-iṣẹ́ ti kọ iye agbára sí i nínú, bí òfin bá yí padà, wọ́n á kì òmíràn bọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò sí ọ̀rọ̀ 1,800 pọ́n-ùn. Ẹ́ńjìnnì tí wọn ò fipá lò sì máa ń pẹ́ láyé. Ìyẹn nìkan tó owó.

N ò ní purọ́ pé àwọn tó ń ṣòfin mọ́. Wọ́n ní ẹ̀bi tiwọn. Nínú àwọn ìdíje ńlá bíi GT3, tí SRO ti Stéphane Ratel bẹ̀rẹ̀ ní 2006, wọ́n máa ń dín agbára mọ́tò kan, wọ́n á fi ẹrù kún òmíràn, kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwà àgàbàgebè. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun á máa sá jẹ́jẹ́, á máa tiro bí arúgbó, kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀. Ní Daytona, oṣù kìíní 2016, àwọn Lamborghini sá ju bí wọ́n ṣe sá nígbà àyẹ̀wò lọ, IMSA sì fi ìṣẹ́jú 5 kún àkókò wọn lẹ́yìn eré. Ní Le Mans lọ́dún náà, Ford àti Ferrari yára jù nígbà tí wọ́n ń du àyè ìdúró, wọ́n sáré dín agbára tọ́bò Ford kù, wọ́n sì fi ẹrù kún Ferrari, nígbà tí eré ku ọ̀la. Ford ló ṣì gba ipò kìíní ní kíláàsì wọn, Ferrari ṣe ìkejì. Ó yẹ kí àwọn alábòójútó gbé àwọn nọ́ńbà wọn síta kí gbogbo ayé rí wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó yí i padà. Ṣùgbọ́n nítorí pé adájọ́ kan ṣe àṣìṣe, ṣé ká wá da kóòtù rú ni?

Ẹni tó bá fẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ yára lábẹ́ gbèdéke, iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀, òfin ò sì bá a jà. Ẹrù irin tí wọ́n bá ní kó gbé láti fi pé ìwọ̀n, níbo ló gbé e sí? Tó bá so ó mọ́ ilẹ̀ pátápátá, ní ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ kò jókòó sí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pín ẹrù náà dáadáa. Tó bá jù ú sẹ́yìn bí ẹni ju àpò gàrí, ìdí mọ́tò á máa gbá ojú kọ́nà. Afẹ́fẹ́ inú táyà, ó ti wọ̀n ọ́n nígbà tó gbóná, àbí ti òwúrọ̀ nìkan ló mọ̀? Ṣé búréèkì iwájú ló ń ṣiṣẹ́ jù ni, àbí ti ẹ̀yìn? Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kìlógíráàmù 8 tó wà níkùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò o! Lórí dáínò pẹ̀lú, kó fi àlàfo sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ tútù kún ju ti ọ̀sán gbígbóná lọ, ẹ́ńjìnnì tó yọ 269 nígbà ooru lè kọjá 270 nígbà òtútù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Dáínò méjì kì í sì í sọ̀rọ̀ kan náà. Tí gbèdéke bá jẹ́ 270, 265 ni kó wà. Ibi tí ilé-iṣẹ́ fi ti àbúrò mi sí náà nìyẹn.

Ó ti dá a padà síbẹ̀. Wọ́n nu ohun tí ṣọ́ọ̀bù yẹn kọ, wọ́n fi èdìdì lé e. Ó pè mí lóṣù tó kọjá, ó ní òun ṣe ipò kẹfà. Mo béèrè iye ẹni tó kọjá rẹ̀ lójú ọ̀nà títọ́. Ó ní méjì. Mo béèrè iye ẹni tí òun kọjá níbi búréèkì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mẹ́rin, Bùrọ̀dá.” Ó tún sọ pé àwọn ń dá àjọ tuntun, táyà lòun fẹ́ fi tirẹ̀ rà, ìyàwó òun ló sì máa mú owó náà dání. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ ọn.